Àwọn tó ń fi fóònù gba ọjà ti ń kó kọ́sítọ́mà mi lọ, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ta pròfíṣàn ní páálí ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọdún mọ́kàndínlógún, mílíìkì, ṣúgà, nodù, ọṣẹ, tòmátò alágolo, mọ́tì. Àwọn aláròóbọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè títí dé Ìkẹ́nnẹ́ ló ń rajà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ láti bí ọdún mélòó kan làwọn kan ti dé tí wọ́n máa ń gba ọjà lórí fóònù, tí wọ́n á sì gbé e wá bá èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́sítọ́mà mi kan tiẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé òun ò lè máa wọ mọ́tò wá mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n kó ọjà mi sórí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé AI, ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni ń ronú yẹn, ló máa kọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ da owó sómi. Kí ni kí n ṣe? Èmi Ìyá Onípròfíṣàn, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Ọjà á máa tà.

Kí n tó sọ nǹkan kan nípa AI, ẹ jẹ́ n bi yín, jọ́tà tẹ́ ẹ fi ń kọ àwìn ńkọ́? Èyí tó wà lábẹ́ káńtà yẹn, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya, tẹ́ ẹ fi rọ́bà dè. Tó bá ṣì wà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni já a fi di ẹ̀pà o. Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn tó ń tajà ní páálí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ to ìwé ọjà wọn, ó ti ń lọ sí ọdún kẹtàlá báyìí, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú jọ́tà yẹn gan-an làwọn tó ń kó kọ́sítọ́mà yín lọ ń fi owó ńlá wá kiri.

Ẹ jẹ́ ká mọ àwọn tí à ń sọ ná. Alerzo, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìlú bíi tiwa yìí tí kì í ṣe Èkó ló sì kọ́kọ́ dojú kọ. TradeDepot wà ní Èkó, Omnibiz náà wà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é jọra: aláròóbọ̀ á wo ọjà lórí áàpù tàbí kó pe nọ́ḿbà kan, á mú ohun tó fẹ́, wọ́n á gbé e wá, òun ò ní ti ṣọ́ọ̀bù pa kó tó lọ sí Òkè-Ajé tàbí Ìdúmọ̀tà. Ní December 2021, TradeDepot nìkan rí mílíọ̀nù 110 dọ́là gbà, ti àwọn tó bá wọn dókòwò àti èyí tí wọ́n yá, pọ̀ ni o. Ṣé mílíìkì alágolo ni wọ́n fẹ́ fi gbogbo ẹ̀ rà ni? Rárá. Àwìn wà lára ẹ̀, wọ́n fẹ́ máa dá àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké lọ́jà kí wọ́n san tó bá yá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí lọ́jà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá á san. Ẹ̀yin ti mọ̀. Àwọn ò mọ̀, ìdí nìyẹn tí irú iléeṣẹ́ báyìí fi máa ń gbé e fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á wo iye ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù kan ti rajà, iye tó rà, ọjọ́ tó san, á wá ní fún eléyìí, má fún tọ̀hún. Ohun tẹ́ ẹ fi ọdún mọ́kàndínlógún mọ̀ ni wọ́n ń sáré kọ́.

Wọn kì í sì í ṣe àǹjọ̀nú. Ní Kẹ́ńyà, MarketForce ti iṣẹ́ RejaReja tí wọ́n fi ń kó ọjà fáwọn aláròóbọ̀ pa ní 2024, ọdún yẹn náà ni Wasoko lọ da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ MaxAB ti Íjíbítì. Ohun tó ń yọ gbogbo wọn lẹ́nu ò ṣàjèjì sí yín: èrè orí páálí kan tín-ín-rín, mọ́tò, epo àti owó àwọn ọmọ tó ń rù ú ló ń jẹ ẹ́ tán. AI lè sọ ọ̀nà tó yá jù fún dírẹ́bà, kò lè sọ epo di ọ̀fẹ́. Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n ti pa yín láyò, kò wo ìwé wọn dáadáa.

Ó dáa, jọ́tà wá. Ẹ ní kí ọmọ yín yà á ní fọ́tò, ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan, kó fi sínú ọ̀kan nínú àwọn AI tí wọ́n ń lò lórí fóònù yẹn, kó ní kó tò ó sínú tábìlì: orúkọ, ọjọ́, ọjà, iye, èyí tó ti san, èyí tó kù. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ jókòó tì í. Mo bá obìnrin kan ṣe irú ẹ̀ ní Ṣàgámù. Ìyá Ìbejì mẹ́ta ló wà nínú ìwé tiẹ̀, ọ̀kan ní Mákùn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ìkẹta ò tiẹ̀ bí ìbejì, orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà ni. AI kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di ẹyọ ẹnì kan, ó ro gbèsè wọn papọ̀, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ pé kọ́sítọ́mà yìí léwu, kí wọ́n má dá a lọ́jà mọ́. Ọ̀kan nínú wọn rèé tí kì í jẹ gbèsè kọjá ọjọ́ ọjà kan o! Lójú ìwé kejì, ó ka 17,500 sí 77,500 torí bí màmá yẹn ṣe máa ń kọ ení. Ó gbà wá ní ọ̀sán méjì ká tó tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Ó ṣì yá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo máa ń fi ọwọ́ kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò ní purọ́.

Tó bá ti mọ́ tán, ìgbà yẹn ni AI wúlò fún yín gan-an. Ẹ lè bi í pé ta ló máa ń ra nodù jù, ìgbà wo lọjà ẹ̀ máa ń tán. Á sọ fún yín pé ìyá tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè ń ra ìlọ́po méjì láwọn oṣù kan, ẹ̀yin lẹ máa wá sọ fún un pé ìgbà táwọn ọmọ yunifásítì OOU wọlé nìyẹn. Torí kò mọ̀. Èyí tó burú jù ni Ojúde Ọba. Ní 2024 ó bọ́ sí June 18, ní 2025 ó bọ́ sí June 8, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni, Iléyá sì máa ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlá ṣáájú ti èṣí. Tẹ́ ẹ bá fún AI ní ìwé 2024 tẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tẹ́ ẹ máa tà ní June 2025, á ní kẹ́ ẹ di mọ́tì àti omi páálí pa mọ́ de ọ̀sẹ̀ kẹta. Lọ́sẹ̀ kẹta wo! Àwọn ẹlẹ́ṣin ti sọ̀ kalẹ̀, gbogbo régbérégbé ti padà sílé, ẹ̀yin àti mọ́tì yín á máa wo ara yín ni. Ẹ kọ ọjọ́ ọdún fún un ṣáájú kẹ́ ẹ tó bi í ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tọ́mọ yín ń sọ, ó sọ òótọ́ díẹ̀. Alibaba ti wà láti 1999, oníṣòwò àti oníṣòwò ló ń pàdé níbẹ̀, ní November 2024 wọ́n gbé AI kan jáde tó ń jẹ́ Accio, ẹni tó fẹ́ rajà á kọ ohun tó ń wá bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, òun á lọ bá a wá àwọn tó ń tà á. Ẹ rí i pé nǹkan ti yí níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, oníbàárà ló máa ka ohun tẹ́ ẹ kọ, báyìí ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn, ẹ̀rọ ò sì mọ ìkíni, kò mọ jàárà. Ẹ kọ “mílíìkì tó dáa, owó pọ́ọ́kú”, kò rí nǹkan kan kà nínú ìyẹn. Àmọ́ ẹ kọ iye tó wà nínú páálí, gíráàmù mélòó ni ọ̀kan, oṣù àti ọdún tó máa expire, páálí mélòó ló kéré jù tẹ́ ẹ lè tà, ìlú wo lẹ máa ń gbé e dé, lọ́jọ́ wo, ó yé e kíá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ lọ máa ta mílíìkì lórí Alibaba o. Mílíìkì yẹn kì í ṣe tiyín, iléeṣẹ́ ló ni ín, ẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń ta irú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e sójú kan náà pẹ̀lú wọn, ẹni tó bá yọ náírà mẹ́wàá ló máa tà. Jumia sì rèé tó ti wà láti 2012, àwọn tó ń ra ẹyọ kan fún ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tiyín, WhatsApp Business ló yẹ, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2018, ó ní ibi tẹ́ ẹ lè to ọjà sí pẹ̀lú fọ́tò àti iye, àwọn aláròóbọ̀ yín sì ti wà lórí WhatsApp tẹ́lẹ̀. Ohun tí màá fẹ́ kẹ́ ẹ gbé sórí ọjà ńlá, tó bá wù yín lọ́jọ́ iwájú, ni gààrí Ìjẹ̀bú. Ìyẹn ni wọ́n máa fi orúkọ wa wá, àwọn ilé oúnjẹ àti súpámákẹ́ẹ̀tì Èkó ń rà á, kíkan ẹ̀ àti gbígbẹ ẹ̀ ò sí níbòmíì bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa di í sínú nylon tó ní orúkọ yín, ẹ gba nọ́ḿbà NAFDAC kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fówó. Èmi tí mò ń gba èèyàn nímọ̀ràn yìí, ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo fẹ́ ra nylon ìdìjà fún kọ́sítọ́mà mi kan lórí ọ̀kan nínú àwọn ọjà wọ̀nyí. Ètò wà níbẹ̀ pé ọjà yẹn máa di owó mú títí tí nylon á fi dé ọwọ́ ẹni. Ẹni tó ń tà á wá ní kí n san án tààrà sí àkáǹtì òun, pé òun máa bá mi dín in kù. Ojú mi wọ ẹ̀dínwó. Nylon tó dé, tẹ́ ẹ bá fi dí ṣúgà kílò kan, ó ti ya kẹ́ ẹ tó gbé e nílẹ̀, kò sì sẹ́ni tí mo lè fẹjọ́ sùn torí èmi ni mo gbé owó jáde kúrò níbi tí wọ́n ti lè dì í mú. Lọ́dọ̀ yín náà, kí owó hàn lórí áàpù báǹkì yín kí páálí tó kúrò ní sítọ̀ọ̀, àlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Tí kọ́sítọ́mà bá fi ohùn ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ kó ọjà fún dírẹ́bà tuntun, ẹ pe nọ́ḿbà tẹ́ ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ padà, AI ti ń sín ohùn èèyàn jẹ báyìí. Àwọn áàpù ọ̀fẹ́ tó ní òun máa bá yín kọ gbèsè sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè kó ìwé yín jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò. Tí wọ́n bá ń kálòlò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ó wá ku ẹni tó ní òun ò lè wọ mọ́tò mọ́. Mọ́mì, kò sọ pé òun ò fẹ́ ọjà yín mọ́ o, mọ́tò ló sọ. Ẹ wo inú tábìlì yẹn, ẹ kó gbogbo àwọn tó wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè pọ̀, ẹ gba kórópe kan ní ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, kí gbogbo wọn fi ohun tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tí ò bá ra tó páálí márùn-ún, ẹ fi owó mọ́tò díẹ̀ lé e. Ẹ pín owó kórópe sórí gbogbo páálí tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ rí iye tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá ju ìdajì èrè lọ, ọjà inú mọ́tò ò tíì pọ̀ tó, ẹ ṣì máa wá ṣọ́ọ̀bù kún un. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá pe ìyá yẹn, ẹ má bá a jà, ẹ kàn ní Túsìdeè la máa wà ládùúgbò yín, ṣé nodù ti tán?