Ta ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀ òkun láàárín erékùṣù méjì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Government. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé bí orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré méjì bá ní epo tàbí ohun àlùmọ́nì mìíràn nísàlẹ̀ òkun tó wà láàárín wọn, ṣé dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ pín ààlà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án? Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ fún un? – Olùkọ́ kan, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, Olùkọ́. Kì í ṣe dandan. Ẹ sọ ti Mauritius àti Seychelles ní Òkun Íńdíà fún un.

Lábẹ́ àdéhùn òkun ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ọdún 1982, orílẹ̀-èdè tó bá létíkun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹja àti ohun àlùmọ́nì dé 200 máìlì òkun, nǹkan bíi 370 kìlómítà. Àwọn méjèèjì ti pín ààlà apá yìí láàárín ara wọn ní 2008. Ṣùgbọ́n òkè títẹ́jú kan wà lábẹ́ omi, Mascarene lorúkọ rẹ̀, tó nà kọjá 200 máìlì náà. Ẹni tó bá fẹ́ gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti kó ẹ̀rí lọ síwájú ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan ní New York. Kíkó ẹ̀rí yẹn jọ ń náni lówó gan-an, torí ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi ń wọn ìsàlẹ̀ omi. Ìgbìmọ̀ náà kì í sì í dá sí ilẹ̀ tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀, àfi bí gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn bá gbà.

Ìwé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ fi sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2008. Ní 2011, ìgbìmọ̀ gbà fún wọn. Ilẹ̀ náà tó 396,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta Nàìjíríà lọ. Ní oṣù Kẹta 2012 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn méjì lórí rẹ̀, wọn ò sì fa ìlà kankan sí i láàárín. Bí ilẹ̀ ẹbí tí a kò tíì pín ni wọ́n ṣe ń bójú tó o: bí epo bá jáde, ìdajì-ìdajì lowó rẹ̀. Àwọn mínísítà ló wà lókè, àjọ àpapọ̀ tẹ̀ lé wọn, ọ́fíìsì kan sì wà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Lójú tèmi, gbólóhùn tó níye lórí jù nínú àdéhùn náà ni èyí tó sọ pé kò pa ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lára bí wọ́n bá fẹ́ pín ààlà lọ́jọ́ iwájú. Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí olóṣèlú kankan bẹ̀rù pé wọ́n á ní òun ta ilẹ̀ baba òun.

Ẹ ṣàlàyé èyí fún wọn dáadáa: ilẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n jọ ni. Omi tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá kì í ṣe tiwọn, àmọ́ ẹ̀dá tí kì í kúrò lórí ilẹ̀ òkun jẹ́ tiwọn. Ó ń kọ mí lóminú, torí Saya de Malha wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn pápá koríko òkun tó tóbi jù lágbàáyé, ọkọ̀ apẹja tó bá sì wà lókè rẹ̀, orílẹ̀-èdè tí àsíá rẹ̀ wà lórí ọkọ̀ náà ló láṣẹ lé e lórí.

Bí ọmọ náà bá bi yín nípa tiwa, Nàìjíríà àti São Tomé ṣe irú rẹ̀ ní 2001, àmọ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ tiwa, 40 tiwọn. Abuja ni ọ́fíìsì àpapọ̀ wà. Chevron gbẹ́ kànga níbẹ̀ ní 2006, ṣùgbọ́n epo tó tó tà kò tíì ti ibẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìpín 60 sí 40 wé ìdajì-ìdajì, kí wọ́n sì jiyàn lórí rẹ̀ ní kíláàsì.