Òṣìṣẹ́ ìjọba mélòó ló wà l'Ógùn? Ìdí tí nọ́ńbà wọn kì í fi í bára mu

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pírójẹ́ẹ̀tì mi dá lórí iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ógùn, Abẹ́òkúta níbí ni mo wà. Mo ti rí iye mẹ́ta báyìí, ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tó ń sanwó oṣù, ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn, ọ̀kan látinú ìwádìí tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé, kò séyìí tó jọ èkejì. Èwo ni kí n kọ? Àbí irọ́ ni wọ́n ń pa ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kò dìgbà tẹ́nì kan bá purọ́ kí nọ́ńbà yẹn tó yàtọ̀ o. Iṣẹ́ ìṣirò ni mò ń ṣe jẹun, ohun tí mo sì kọ́kọ́ máa ń bi ẹni tó bá gbé nọ́ńbà wá bá mi ni pé àwọn wo lo kà mọ́ ọn?

Lọ ka section 318 nínú constitution 1999. Ó ya civil service sọ́tọ̀ kúrò lára public service. Civil service ìpínlẹ̀ ni àwọn tó wà lọ́fíìsì gómìnà, lọ́fíìsì igbákejì ẹ̀, àti láwọn ministry, àwọn ará Òkè-Mọ́sàn wa, níbi tí sẹkitéríátì ìpínlẹ̀ wà, nìyẹn. Public service ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ogún tá a ní wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ kóòtù, àwọn MAPOLY, ìyẹn pólì ìjọba ìpínlẹ̀, títí kan iléeṣẹ́ tó bá jẹ́ pé ìjọba ló ń darí ẹ̀. So ẹni tó bá ka civil service nìkan, nọ́ńbà tiẹ̀ á kéré, ẹni tó bá ti da tíṣà pọ̀ mọ́ ọn báyìí, ó wú nìyẹn.

Abẹ́òkúta yìí náà ni FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti fẹ́dírà, wà, FMC Ìdí-Àbà, ọsibítù fẹ́dírà, náà ńkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba pọ́ńbélé ni gbogbo wọn àmọ́ fẹ́dírà ló gbà wọ́n, o ò lè bá orúkọ wọn nínú pérólù ìpínlẹ̀, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń sanwó oṣù, láéláé. Ọlọ́pàá àti sójà náà bẹ́ẹ̀, ìwádìí ilé-dé-ilé gan-an sábà máa ń fo bárékè.

Èyí tó máa ń da èèyàn láàmú jù ni tàwọn tó ń gbálẹ̀ ní sẹkitéríátì. Ká ní ìyá kan ń gbálẹ̀ níbẹ̀ láràárọ̀, tó bá jẹ́ kọngílá ló gbà á tó sì ń sanwó fún un, iṣẹ́ aládàáni ló ń ṣe, torí ẹni tó gbani síṣẹ́ là ń wò. Àmọ́ táwọn oníwàádìí bá kan ilẹ̀kùn ẹ̀, tí kò sí nílé, ọmọ ẹ̀ á dáhùn pé "Òkè-Mọ́sàn ni màámi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìjọba ni," wọ́n sì ti kà á mọ́ wọn nìyẹn.

Tún wo àwọn NEPA. Ní November 2013 tí wọ́n kó àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún aládàáni, ìpín 60 nínú 100 lọ sọ́wọ́ wọn, ìjọba di 40 mú. Ẹni tó ń kọ bíìlì lórí tábìlì kan náà ti kúrò nínú iye òṣìṣẹ́ ìjọba láìdìde lórí àga. Tó o bá wá ń fi 2010 wé 2015, tó o rí i pé nọ́ńbà já wálẹ̀, má yáa kọ ọ́ pé wọ́n lé èèyàn.

Pérólù náà ní àléébù tiẹ̀ o. Orúkọ tó gbowó ló ń kà, kò mọ̀ bóyá èèyàn wà lẹ́yìn orúkọ ọ̀hún. Ẹni tó ti kú tí wọn ò tíì yọ kúrò, ayédèrú òṣìṣẹ́, lẹ́kíṣọ̀ tó ń gbowó nílé ìwé méjì, gbogbo wọn ló ń mú un wú, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹni tó gba ìsinmi láìgbowó láti lọ kàwé, òṣìṣẹ́ ṣì ni, àmọ́ kò sí níbẹ̀. Torí irú nǹkan báyìí ni fẹ́dírà fi gbé IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sanwó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn, dé ní 2007, ní December 2023 wọ́n tún fọwọ́ sí i pé káwọn yunifásítì jáde kúrò nínú ẹ̀, so ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi IPPIS nìkan ka òṣìṣẹ́ fẹ́dírà, ó kù síbì kan. Àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, má kà wọ́n rárá.

Ní tìẹ, iye ti pérólù ni kó o mú fún tábìlì rẹ, kó o kọ oṣù tó jẹ́ sábẹ́ ẹ̀, kó o kọ ọ́ bóyá tíṣà àti ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìwádìí ilé-dé-ilé, fi ṣe ibi tó o bá ti fẹ́ mọ ìpín òṣìṣẹ́ ìjọba nínú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́, torí pérólù ò mọ ẹni tó ń tajà ní Kútọ̀. Má ro méjèèjì pọ̀ o. Ti ìwé ìròyìn yẹn, tí wọn ò bá sọ àwọn tí wọ́n kà, fi sílẹ̀ fún wọn.

Béèrè nominal roll, ìyẹn ìwé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, pẹ̀lú pérólù oṣù kan náà kó o lè fi wọ́n wéra, gba lẹ́tà lọ́wọ́ HOD rẹ, ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, dání, má sì lọ lópin oṣù, owó oṣù ló máa wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní ráyè tìẹ.