Ṣé ibi ìṣáàjì alùpùpù lè mú oníbàárà wọ búkà mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Búkà ni mo ní ní Àgùdà, Sùúrùlérè, ọjà ọ̀sán sì ti dẹ̀ gan-an. Ilé-iṣẹ́ kan wá bá mi pé àwọn fẹ́ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣáàjì bátìrì alùpùpù oníná síwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní àwọn ráídà á máa rọ́ wọlé wá jẹun. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ ó jèrè.

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá ńṣe ni wọ́n á máa pààrọ̀ bátìrì, àbí ráídà ló máa ki wáyà bọ alùpùpù rẹ̀, tí á sì dúró. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra. Ẹni tó wá pààrọ̀ á yọ èyí tó ti kú, á gbé èyí tó kún, kò sì ní pé ìṣẹ́jú 5 tó fi máa lọ. Owó àyè nìkan lẹ máa rí níbẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ fi kún ìrẹsì tí ẹ ń sè. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wáyà ni, bátìrì tó ti gbẹ máa ń gbà tó wákàtí 3 sí 4 kó tó kún. Ẹni tó fẹ́ ìlàjì pàápàá á jókòó ju wákàtí kan lọ. Ẹni yẹn ló máa jẹun. Ẹ wo onígbàjámọ̀ tó ń bá àdúgbò ṣáàjì fóònù nígbà tí Nẹ́pà bá mú iná lọ: owó fóònù kò tó nǹkan, àwọn tó jókòó dúró de fóònù wọn tí wọ́n sì gẹrun ló ń pa owó wọlé fún un.



Láti June 1, 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Sùúrùlérè àti ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún mìíràn. Nítorí náà, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé ẹrù kiri ni ẹ lè máa retí. Ẹ ní kí ọmọ kan jókòó síta láago 12 sí 3 fún ọjọ́ mẹ́ta, kó ka iye alùpùpù oníná tó bá kọjá. Bí wọn kò bá pọ̀, owó àyè tí kò yí padà lóṣooṣù ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe ìdá nínú èrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ mítà yín. Bátìrì alùpùpù kan ń gba bíi yúnítì 3 àtààbọ̀. Ní iye ₦209.50 tí wọ́n ta yúnítì kan ní July 2024 fún Bándì A (àwọn tó ń rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́), ó ti lé ní ₦730, ká má tíì ka owó orí. Mẹ́wàá lójúmọ́ á jẹ káàdì yín tán. Kí wọ́n gba mítà tiwọn. Tí iná àdúgbò yín kò bá dúró, tí wọ́n bá ní jẹnẹrétọ̀ làwọn á máa lò, ẹ kọ̀. Ó máa jó tó lítà epo 2 kí bátìrì kan tó kún, lítà 2 yẹn náà sì ni alùpùpù elépo á fi rin ìrìn tó tó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa jèrè níbẹ̀?

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni iná ààrò yín. Bátìrì lithium, irú èyí tí alùpùpù oníná ń lò, tó bá gbóná jù, tó fara gbá, tàbí tí omi ti wọ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀, ó sì lè tún ràn lẹ́yìn téèyàn ti pa á. Sílíńdà gáàsì àti epo gbígbóná sì wà lọ́dọ̀ yín. Kí ògiri búlọ́ọ̀kù wà láàrin ẹ̀rọ náà àti ibi ìdáná, kó má sì dí ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n gbé e ga ju ibi tí omi òjò ń dé ní òpópónà yín. Kó ní wáyà tirẹ̀ láti ìdí mítà, bíréékà tirẹ̀, àti wáyà áàtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ẹ má gba ẹsitẹ́ńṣọ̀n rárá, ẹ má sì jẹ́ kí bátìrì ẹnikẹ́ni sun inú ṣọ́ọ̀bù mọ́jú.

Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ni yóò san án bí nǹkan bá jóná. Kí lándílọ́ọ̀dù yín sì buwọ́ lu ìwé yẹn kí wọ́n tó lu ihò kankan sára ògiri.