Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé àtijọ́ àti ojú irin Abẹ́òkúta, níbo ni mo sì ti lè rí wọn?

Inú páálí ni wọ́n ń kó wọn sí, nínú yàrá tí ọ̀rinrin àti ikán ò ti lè dé, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ẹ ó ti rí púpọ̀ nínú wọn: ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ béèrè fáìlì tí wọ́n ń pè ní “Abe Prof”, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹkùn Abẹ́òkúta nígbà ìjọba òyìnbó. Ẹ béèrè ti rélùwéè lọ́tọ̀; 1896 ni iṣẹ́ ojú irin tó gba Abẹ́òkúta kọjá bẹ̀rẹ̀ láti Èkó.

Kí wọ́n tó kó ìwé pamọ́, ó yẹ kí wọ́n yọ píìnì ara rẹ̀, torí bí píìnì bá dógùn-ún, á jẹ ìwé náà títí yóò fi lu. Títẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ àwòrán ilé. Ibi tí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ po ló ti ń ya.

Ti agboolé yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé alámọ̀ Aké àti Ìtòkò ni kò ní àwòrán lórí ìwé rárá. Fọ́tò àti ẹnu àgbà ìdílé ló kù, èyí gan-an ló sì jẹ mí lógún jù. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ àti ọdún sẹ́yìn fọ́tò. Ẹ má lo bírò, yíǹkì rẹ̀ máa ń hàn síwájú.