Ṣé ilé alámọ̀ bíi ti Yazd lè tutù n'Íbàdàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo rí àwòrán ilé alámọ̀ kan ní Yazd, lórílẹ̀-èdè Iran. Wọ́n mọ ilé ìṣọ́ gíga sórí ẹ̀ láti fi kó atẹ́gùn. Mo ti ra ilẹ̀ n'Íbàdàn. Ṣé mo lè kọ́ irú ẹ̀, kí n má ra ẹ̀rọ amúlétutù?

Ìdáhùn: Ẹ lè kọ́ ọ, àmọ́ kò ní tutù fún yín bó ṣe ń tutù fún wọn. Inú aṣálẹ̀ ni Yazd wà. Ọ̀sán ibẹ̀ gbóná bí ààrò, ṣùgbọ́n bóòrùn bá ti wọ̀, ooru a fò lọ, torí kò sí ìkùukùu tó máa bò ó mọ́lẹ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn rọra ń gba ooru. Kó tó dé inú yàrá, ilẹ̀ ti ṣú, òtútù òru á sì fà á jáde. Òru tiwa lóṣù kẹta ńkọ́? Ògiri yẹn á kàn máa yan yín lórí ibùsùn ni.

Bâdgir ni wọ́n ń pe ilé ìṣọ́ náà. Èyí tó wà lọ́gbà Dowlatabad ga tó mítà 33, ó sì lójú mẹ́jọ, kí atẹ́gùn lè ríbi wọlé níbi yòówù kó ti fẹ́ wá. Atẹ́gùn á sọ̀ kalẹ̀, á gba orí omi kọjá, á fa díẹ̀ mu lára rẹ̀, á sì tutù. Bí àmù ìyá àgbà ṣe ń làágùn tí omi inú ẹ̀ fi ń tutù náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ sáṣọ lóṣù keje kẹ́ ẹ wò ó; ìgbà ọyẹ́ nìkan ni tiwa fi ń jọ tiwọn.

Ìgbé ayé wọn gan-an ló wù mí jù. Láyé àtijọ́, nígbà ooru, ìdílé á kó lọ sápá ilé tí kò kọjú sóòrùn. Bí òtútù bá dé, wọ́n á kó lọ sódìkejì àgbàlá. Wọ́n a tún máa sùn lórí òrùlé lóru. Fèrèsé ìta ò pọ̀, nítorí ooru àti eruku, àti kí àjèjì má baà máa wo àwọn obìnrin ilé. Kódà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn àtijọ́ ní irin ìkànlẹ̀kùn méjì, ọ̀kan fóbìnrin, ọ̀kan fọ́kùnrin. Ìró wọn yàtọ̀, onílé á sì mọ ẹni tó yẹ kó lọ ṣílẹ̀kùn.

Àgbàlá nìkan ni kẹ́ ẹ mú níbẹ̀, agbo ilé tiwa náà kúkú ní in. Ẹ jẹ́ kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí òrùlé yọ síta dáadáa, kí àjà ga. Ká ní Sókótó ni ilẹ̀ yín wà ni, ǹ bá ní kẹ́ ẹ wá ọ̀mọ̀lé tó mọ amọ̀ ọ́n mọ.