Òjò ti dá, signal ò padà: ṣé ká ra dìkódà tuntun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ajara ní Badagry là ń gbé. Tí òjò bá ti rọ̀ báyìí, tẹlifíṣàn wa á kàn kọ ọ́ pé kò sí signal, òjò á dá tán, ilẹ̀ á mọ́, kò ní padà àfi tí oòrùn bá ràn dáadáa. Ẹni tó bá wa ri díìṣì ti wá yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó gbowó lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan ò yí padà. Ó wá ní ká lọ ra dìkódà tuntun. Ṣé ká rà á ni?
Ìyá Ìbejì, Ajara

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn o. Lọ́jọ́ tó bá tún ṣẹlẹ̀, tí òjò ti dá, ẹ gbé dìkódà yín lọ sílé aládùúgbò tí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tó bá gbé àwòrán níbẹ̀, dìkódà ò ṣẹ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ oòrùn tẹ́ ẹ sọ yẹn ló là mí lójú. Òjò ńlá lè gba signal lọ́wọ́ díìṣì èyíkéyìí, torí sátẹ́láìtì wà lókè tó nǹkan bí 36,000 kìlómítà, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ò lágbára, omi òjò á tún fà á mu, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti kọjá ó yẹ kó padà kíá. Tó bá ń dúró de oòrùn, omi ti wọ ibì kan nìyẹn, mo sì fura sí ẹnu wáyà níbi tó ti wọ LNB, orí kékeré tó kọjú sí àwo díìṣì. Atẹ́gùn òkun níyọ̀, irin kì í pẹ́ dógùn-ún ní Badagry.

Ẹ yọ dìkódà lára iná kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà o, torí iná volt 13 tàbí 18 ló ń gba inú ẹ̀ lọ sí LNB. Kí wọ́n tú irin tó dé ẹnu wáyà, kí wọ́n wo bàbà tó yọ láàárín, ó yẹ kó máa dán ni. Tó bá ti ṣe àwọ̀ ewé, tí wáyà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó yí i ká sì ti dúdú, kí wọ́n gé e títí wọ́n á fi kan ibi tó mọ́, kí wọ́n fi irin tuntun dé e, kí wáyà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kankan má kan bàbà yẹn, kí wọ́n wé tẹ́ẹ̀pù mọ́ ọn dáadáa. Kí wáyà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ LNB, kí omi lè máa kán sílẹ̀ níbẹ̀.

Yíyí díìṣì yẹn ló dùn mí jù. Díìṣì tó ń gbé àwòrán tí òjò ò bá rọ̀, kí ni wọ́n ń yí lára ẹ̀? Ẹ fi máàkà fa ìlà sí ibi tó wà lára páìpù, kẹ́nikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án.

Ó ku igi àgbọn, mo mọ̀ pé kò ní jìnnà sílé yín. Tó bá jẹ́ DStv lẹ ń lò, ìlà oòrùn ni díìṣì kọjú sí, ní oṣù Kẹta tàbí ìparí oṣù Kẹsàn-án, ní bí aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn máa ń wà ní sàkáání ibi tó ń wò gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí òjìji imọ̀ àgbọn lórí díìṣì lásìkò yẹn, imọ̀ yẹn ń dí i lójú, ẹ ní kí wọ́n gé e, imọ̀ yẹn nìkan o, kí wọ́n má gé igi.