"Àgbà Kò Sí Nílùú, Ìlú Bàjẹ́": Ṣé Òwe Yìí Ń Gbè Sẹ́yìn Apàṣẹwàá?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé òwe "Àgbà kò sí nílùú, ìlú bàjẹ́, baálé ilé kú, ilé dahoro" kò sọ pé ká fara mọ́ olórí burúkú, pàápàá níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára bá ti fẹ́ lọ yọ apàṣẹwàá nípò.

Rárá o. Òwe náà kò sọ pé èèyàn rere ni baálé tó kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sílé lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ. Èèyàn lè burú, kó sì jẹ́ pé òun náà ni kò jẹ́ kí àwọn tó burú jù ú lọ rí àyè. (Àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ gbọ́ èyí.)

Ẹ wo Ìráàkì. Ta ló fẹ́ sunkún Saddam Hussein, apàṣẹwàá tó ń ṣàkóso ibẹ̀? Oṣù kẹrin ọdún 2003 ni Baghdad bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Kíá, àwọn kan ti ń jí ẹrù kó nílé ìwòsàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n kó lọ ní mùsíọ́ọ̀mù. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, Paul Bremer, tí Amẹ́ríkà fi ṣe alákòóso, pàṣẹ pé kí wọ́n tú àwọn ọmọ ogun Ìráàkì ká. Ẹni tó mọ ìbọn yìn kò rówó oṣù gbà mọ́, ìbọn sì pọ̀ nígboro. Nígbà tó yá, a rí lára àwọn ọ̀gágun wọn nínú ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí.

Líbíà náà kò yàtọ̀ púpọ̀: wọ́n pa Gaddafi, olórí wọn, lọ́dún 2011, nígbà tó fi máa di 2014, ìjọba méjì ló ń du ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí èyí sọ pé ká kúkú máa wòran, kó rántí Rùwáńdà. Oṣù kẹrin ọdún 1994, tí ìpakúpa ń lọ lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ ààbò àjọ UN dín àwọn ọmọ ogun rẹ̀ níbẹ̀ kù sí 270. Àwọn tí wọ́n pa lé ní 500,000. Wọ́n dá sí i, èèyàn kú. Wọn ò dá sí i, èèyàn kú. Ọ̀nà tó mọ́ pátápátá lè má sí níbẹ̀ rárá, ẹni tó fẹ́ ṣèpinnu sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbéra.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ lọ yọ olórí kan, ẹ bi wọ́n: bó bá lọ lónìí, ta ni yóò ṣọ́ ilé ìkóhun-ìjà lálẹ́? Ta ni yóò san owó oṣù ọlọ́pàá?